Bí ìrora itan mi ṣe rọlẹ̀ lẹ́yìn tí mo padà sí eré ìdárayá

Lẹ́yìn ọdún 2 tí n kò ṣe eré ìdárayá, mo gun Òkè Ààrẹ ní Ìbàdàn lọ sí Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí òkè náà, mo sì sáré sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, itan mi le débi pé ògiri ni mo ń dì mú kí n tó lè jókòó. Mo fi ìpara tó ń ta ni lára pa á, mo dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rọlẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo rọra ń rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú fún ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí mo sì ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbá ilẹ̀. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá sì dúdú lẹ́yìn irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.