Bí a ṣe ń fi hosts.allow àti hosts.deny ṣọ́ sáfà Unix

/etc/hosts.allow àti /etc/hosts.deny ni fáìlì méjì tí a ń kọ àdírẹ́sì àwọn tó lè wọ sáfà àti àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ sí. Kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ wádìí bóyá ètò tí ẹ fẹ́ ṣọ́ tilẹ̀ ń ka àwọn fáìlì yìí. Èyí tí kò bá lo libwrap, ìyẹn àkójọ kóòdù tó ń ka àwọn fáìlì náà, kò mọ̀ pé wọ́n wà, ẹ ó sì máa rò pé ẹ ti tilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fẹ́ wádìí sshd, ètò tó ń jẹ́ kí a wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ SSH, ẹ tẹ:

ldd /usr/sbin/sshd | grep libwrap

Bí kò bá sí èsì, nftables tàbí iptables, àwọn irinṣẹ́ ògiri ààbò Linux, ni kí ẹ kọjú sí. OpenSSH, tó ni sshd, fúnra rẹ̀ yọ libwrap kúrò ní ẹ̀yà 6.7 lọ́dún 2014, Red Hat Enterprise Linux 8 náà sì ti pa á tì. Ètò tí inetd (ètò tó ń jí àwọn ètò mìíràn nígbà tí àlejò bá dé) ń gbé dìde láti ọwọ́ tcpd, ètò aṣọ́nà, yàtọ̀: tcpd ló ń bá a yẹ fáìlì náà wò.

/etc/hosts.allow ni a ń kà ṣáájú. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá àlejò (kọ̀ǹpútà tó fẹ́ wọlé) mu ló ń gbà á wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá sí, a ó ka /etc/hosts.deny, ìlà tó bá bá a mu níbẹ̀ á lé e. Bí kò bá sí nínú méjèèjì, ó wọlé! Fáìlì òfìfo kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ kọ hosts.allow ná:

sshd: 192.168.1. EXCEPT 192.168.1.50
ALL: 127.0.0.1 [::1]

EXCEPT túmọ̀ sí “àyàfi”, ALL sì túmọ̀ sí “gbogbo”; 127.0.0.1 àti [::1] ni sáfà náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó kọ ALL: ALL sínú hosts.deny. Ẹni tó bá yí ìtẹ̀léra yìí padà láti ọ̀nà jíjìn lè ti ara rẹ̀ mọ́ta.

Àmì ìdánudúró tó parí 192.168.1. ṣe pàtàkì: láìsí i, kò ní bá àdírẹ́sì kankan nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà mu. Ẹ tún lè kọ ọ́ báyìí: 192.168.1.0/255.255.255.0. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ló gba /24, ọ̀nà kúkúrú láti kọ 255.255.255.0. Àdírẹ́sì IPv6, irú bíi ::1, gbọ́dọ̀ wà nínú àkámọ́ onígun. Orúkọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ ni ẹ ó kọ, sshd, kì í ṣe ssh. Ẹ má gbára lé orúkọ kọ̀ǹpútà dípò nọ́ńbà; ọjọ́ tí DNS, tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ò ní wọlé. Kí ẹ sì tẹ Enter lẹ́yìn ìlà tó kẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní kà á.

Ẹ dán an wò:

tcpdmatch sshd 192.168.1.20

Ó lè kùn pé sshd kò sí nínú inetd.conf (fáìlì ètò inetd), ẹ má dá a lóhùn, èsì "granted" tàbí "denied" nìkan ni kí ẹ wò.

Kò sí ìdí láti tún ètò kankan tan, torí ìlà tuntun ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ kò ní jáde nítorí rẹ̀, èyí sì wúlò: ẹ fi ojú fèrèsé SSH kan sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ fi òmíràn gbìyànjú àtiwọlé. Bí wọ́n bá lé yín, "refused connect from" yóò hàn nínú /var/log/auth.log tàbí /var/log/secure, pẹ̀lú àdírẹ́sì tí sáfà rí. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ rò pé ẹ ń lò.