Bí A Ṣe Ń Di Ẹrù Aṣọ fún Ìrìnàjò Ọkọ̀ Òkun sí Nọ́rwèì Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ òyìnbó, ìyẹn láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ni àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá máa ń gbéra ní Southampton, tí wọ́n ń kó èèyàn lọ wo àwọn fíọ́ọ̀dù Nọ́rwèì, ìyẹn àwọn ibi tí òkun gba àárín òkè gíga wọ inú ilẹ̀ lọ. Ìrìnàjò yìí rọ àwọn èèyàn wa tó wà ní ìlú Ọba lọ́rùn, torí pé kò sí wàhálà pápákọ̀ òfurufú nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fojú tó le wo ẹrù bíi ti ọkọ̀ òfurufú. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á kó aṣọ bí ẹni tó ń kó kúrò nílé, òtútù á sì tún mú un, torí pé kóòtù nípọn kan ṣoṣo ló gbójú lé. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣeé wọ̀ léra wọn ló yẹ kó kó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọkọ̀ yóò dúró

Kẹ́ ẹ tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ mú ìwé ìrìnàjò yín, kẹ́ ẹ wo ìlú tí ọkọ̀ yóò dúró sí àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ní Bergen, nínú oṣù Keje, ooru ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bí 18 lórí ìwọ̀n Celsius. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní 2,000 mílímítà, ó ju ti Èkó lọ. Òkè ló yí ìlú náà ká. Bí atẹ́gùn bá ti gbé ọ̀rinrin dé láti orí òkun Àtìláńtíìkì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, á tutù, á sì di òjò. Àmọ́ kì í ṣe irú òjò Èkó tó máa ń bú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó dá, kí oòrùn sì tún yọ. Ti Bergen lè máa ṣe wínníwínní látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tó gba inú síwẹ́tà dé ara yín.

Ní Geiranger, ẹ lè wọ aṣọ alápá kékeré rìn létí omi. Ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sórí òkè Dalsnibba, tó ga tó nǹkan bí 1,500 mítà, ọ̀rọ̀ á yí padà. Nǹkan bí ìwọ̀n 6 ló ń dín nínú ooru bí a bá ti gun òkè ní 1,000 mítà. Tó bá jẹ́ 18 ni nísàlẹ̀, ẹ máa retí 9 lókè, kẹ́ ẹ sì tún fi atẹ́gùn kún un. Yìnyín lè ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ nínú oṣù Kẹfà.

Orí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ tó ń sáré 20 nọ́ọ̀tì ń rin kìlómítà 37 ní wákàtí kan. Bí ewé kan ò tiẹ̀ mì ní èbúté, ẹni tó bá dúró sí dẹ́ẹ̀kì òkè ń gba gbogbo atẹ́gùn yẹn sójú.

Ẹ to aṣọ ara òkè ní ìpele mẹ́ta

Ìpele àkọ́kọ́ ni aṣọ fẹ́lẹ́ tó sún mọ́ ara. Kó jẹ́ wúùlù tàbí pọlisítà, kó má jẹ́ òwú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ èyí, torí pé aṣọ òwú ló mọ́ wa lára: ankara, síńgílẹ́ẹ̀tì, jíǹsì, òwú ni gbogbo wọn. Nínú ooru Ìbàdàn, wọ́n dára. Nínú òjò Nọ́rwèì, òwú á mu omi yó, kò ní tètè gbẹ, bó bá sì ṣe ń gbẹ lára yín ni yóò máa fa ooru ara yín lọ. Wúùlù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó tiẹ̀ lọ́rinrin díẹ̀, ó ṣì ń móoru.

Ìpele kejì ni síwẹ́tà tàbí fleece, ìyẹn aṣọ òtútù onírun múlọ́múlọ́, tí kò nípọn púpọ̀. Ìkẹta ni jákẹ́ẹ̀tì òjò, tí iṣẹ́ tiẹ̀ kò ju kó dá omi àti atẹ́gùn dúró. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ kan sí èkejì ló ń pa ooru mọ́, ìdí nìyẹn tí aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta fi ń borí kóòtù nípọn kan.

Ẹ ó rí àǹfààní ẹ̀ nínú rélùwéè Flåm. Etí omi ni ó ti ń gbéra, ó sì ń gùnkè fún kìlómítà 20 títí dé Myrdal, tó ga ní 867 mítà. Inú rélùwéè móoru, ẹ ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ó dé ìtòsí ìṣàn omi Kjosfossen, ó dúró, gbogbo èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ láti ya fọ́tò, omi á sì máa ta sí wọn lára. Ẹ ó tún jákẹ́ẹ̀tì wọ̀. Ẹni tó wọ kóòtù ńlá lórí aṣọ kan ṣoṣo á làágùn nínú ọkọ̀, á sì gbọ̀n níta.

Ẹ dán jákẹ́ẹ̀tì òjò wò nílé

Orí èyí ni kẹ́ ẹ náwó lé. Pé wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé omi ò lè wọ̀ ọ́ kò tíì tó. Ẹ yí inú ẹ̀ síta, kẹ́ ẹ wo ojú rírán èjìká àti apá. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí tépù tín-ínrín tí wọ́n fi bo gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Bí kò bá sí tépù, ojú abẹ́rẹ́ yẹn ni òjò máa bá wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí báàfù, kẹ́ ẹ da ife omi kan sí èjìká ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yẹ kí omi náà máa yí gbirigbiri lójú ẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Bí aṣọ náà bá dúdú, tó lẹ̀ pẹ̀tẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ra oògùn tí wọ́n ń fín sára aṣọ òjò. Bí inú bá tutù, ẹ wá òmíràn.

Síwẹ́tà yín ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí pé orí ẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì máa gùn. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ di irun tó kún, ẹ dán fìlà ara jákẹ́ẹ̀tì náà wò dáadáa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, orí òyìnbó ni wọ́n rán an mọ́. Ní ti wíìgì, ẹ fi í sílẹ̀ de alẹ́, tẹ́ ẹ bá wà nínú ọkọ̀. Dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé e lọ. Agbòjò náà ò wúlò, atẹ́gùn á dojú ẹ̀ dé.

Ẹsẹ̀, orí àti ọwọ́

Ṣòkòtò méjì tó tètè ń gbẹ tó fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ṣòkòtò òjò fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ máa wọ̀ lé wọn. Jíǹsì kan lè wà fún inú ọkọ̀. Bàtà mẹ́ta ló tó: ti ìrìn tí omi ò lè wọ̀, sálúbàtà, àti ti alẹ́. Ẹ fi wúùlù ṣe ìbọ̀sẹ̀. Ẹ fi fìlà tó bo etí, ìbọ̀wọ́, ìborùn kan àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sí i. Kẹ́ ẹ má gbàgbé jígí oòrùn, torí pé ní Bergen, oòrùn ń wà lójú ọ̀run fún nǹkan bíi wákàtí 19 láàárín oṣù Kẹfà. Àti òrí díẹ̀ fún ètè. Atẹ́gùn yẹn máa ń la ètè.

Aṣọ alẹ́

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló máa ń ní alẹ́ kan tàbí méjì tí wọ́n ti ń múra gan-an. Ẹ ka ìlànà ọkọ̀ yín. Súùtù àti táì dára, àmọ́ kò sídìí tá a fi máa sá fún ìró àti bùbá tàbí agbádá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú áyọ́ọ̀nù wọ yàrá ọkọ̀, nítorí iná. Àwọn ọkọ̀ kan ní yàrá ìfọṣọ tí áyọ́ọ̀nù wà, àwọn mìíràn kò ní. Nítorí náà, ẹ fi gínì tí wọ́n lù, tó ń dán yinrin, sílẹ̀ nílé. Á ti rún wómúwómú kó tó dé. Léèsì àti aṣọ òkè kì í yọni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Gèlè tí wọ́n ti rán pọ̀ ń gba ààyè nínú báàgì. Èyí tí a kò tíì wé ni kẹ́ ẹ tẹ́ sísàlẹ̀. Aṣọ kan tó fún alẹ́ méjèèjì, ẹ kàn pààrọ̀ gèlè. Ẹ̀yin ọkùnrin, agbádá ò gbọdọ̀ kọjá yàrá oúnjẹ o. Bó bá dé dẹ́ẹ̀kì, atẹ́gùn á fi ṣe ìgbòkun.

Dídì í

Ẹ ká aṣọ rìbìtì, ẹ má ṣẹ́ ẹ. Ẹ mú ọ̀rá ńlá mélòó kan fún aṣọ tútù. Irin ni ògiri yàrá ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́, nítorí náà ẹ ra ìkọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tàbí márùn-ún. Jákẹ́ẹ̀tì tó rin lè rọ̀ sára wọn mọ́jú. Bàtà tó bá mu omi, ẹ ki bébà sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ bébà náà kẹ́ ẹ tó sùn. Lálaalẹ́, ẹ wo Yr, ìkànnì ojú ọjọ́ àwọn ará Nọ́rwèì, kẹ́ ẹ fi mọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ́ sọ́wọ́ fún ọjọ́ kejì.

Ní èbúté Southampton, àwọn alábàárù ló máa gba báàgì ńlá yín, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé yàrá. Báàgì kékeré tẹ́ ẹ máa gbé lọ́wọ́ ni kí páásìpọ́ọ̀tù àti oògùn yín wà. Ibẹ̀ náà ni kí jákẹ́ẹ̀tì òjò àti síwẹ́tà kan wà, torí pé orí dẹ́ẹ̀kì ni gbogbo èèyàn máa ń dúró sí wo bí ọkọ̀ ṣe ń kúrò ní èbúté, ìgbà yẹn ni atẹ́gùn sì ń bẹ̀rẹ̀.