Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Kápúsù Atalẹ̀ Pupa fún Oríkèé Tó Ń Ro Yín

Iṣẹ́ apoògùn ni mò ń ṣe ní Kubwa, ní Abuja níbí. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí òtútù òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ eegun, àwọn ìyá wa á máa wọlé wá: "Ọmọ mi, fún mi ní kápúsù atalẹ̀ yẹn, wọ́n ní ó ń lé làkúrègbé lọ." Kò burú. Atalẹ̀ pupa, tí àwọn Hausa ń pè ní kurkum, ń ran oríkèé tó wú lọ́wọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń ra èyí tí kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń lò ó mọ́ oògùn tí kò yẹ kí wọ́n lò ó mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìrora tó ń ṣe yín. Orúnkún tó máa ń gan lówùúrọ̀, tó ń dun èèyàn bó bá ń gun àtẹ̀gùn, tó ń wú díẹ̀ bó bá dúró pẹ́, irú ẹ̀ ni kápúsù yìí lè bá yín dẹ̀ ẹ́. Oríkèé tó ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀lé e, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà, dókítà rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rí.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ara ìgò. Màmá kan tó ń ta léèsì ní ọjà Wuse gbé ìgò méjì wá bá mi. Méjèèjì ló kọ 500 mg gàdàgbà síwájú. Wọ́n ní kí ló dé tí ọ̀kan fi wọ́n ju èkejì lọ. Mo yí ìgò méjèèjì sẹ́yìn. Èyí tó pọ́ọ́kú kọ "turmeric root powder", ìyẹn atalẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀. Èkejì kọ "turmeric extract, 95% curcuminoids", ìyẹn àyọjáde atalẹ̀ tí 95 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ curcumin àtàwọn èròjà tó bá a tan. Èròjà tó ń jẹ́ curcumin ló ń bá ìwúlé jà, bẹ́ẹ̀ bíi 3 nínú 100 ni ti inú atalẹ̀ lílọ̀. Nínú 500 mg ti ìgò àkọ́kọ́, nǹkan bíi 15 mg lẹ máa rí. Nínú ti èkejì, 475 mg. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Áà, bí ẹni ra páálí ńlá, tí léèsì inú rẹ̀ ò tó ọ̀pá kan."

Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n kọ "piperine", ìyẹn èròjà inú ata dúdú, tàbí "black pepper extract" síbẹ̀. Curcumin nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ ní Íńdíà rí i pé 20 mg piperine sọ èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po 20. Èròjà yìí náà wà nínú ìyèré tiwa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wò. Nọ́ńbà yẹn ò túmọ̀ sí pé NAFDAC jẹ́rìí pé ó ń wo làkúrègbé o. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára ìgò fúnra rẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò.

Lílò rẹ̀ kò le. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lo ẹyọ kan 500 mg lóòjọ́. Bí inú ò bá run yín, ẹ sọ ọ́ di àárọ̀ àti alẹ́, ẹ má sì kọjá ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ jẹun tó lépo kẹ́ ẹ tó lò ó, torí inú ọ̀rá ni curcumin ti ń yọ́, kì í yọ́ nínú omi. Ẹ̀wà tí wọ́n fi epo sè dára, mọ́ínmọ́ín dára, tùwó pẹ̀lú miyan taushe náà dára. Tíì lásán lórí òfìfo inú kò tó. Nígbà ààwẹ̀, ẹ lò ó nígbà sààrì àti ìṣínu.

Kì í ṣe oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìwádìí kan jáde ní Thailand lọ́dún 2014: àwọn tí orúnkún ń dùn lo 1,500 mg àyọjáde atalẹ̀ lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn kan lo ibuprofen, ìyẹn oògùn ìrora. Ìrora àwọn méjèèjì dín kù bákan náà, ṣùgbọ́n inú rírun kò pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó lo atalẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú ohun kan tí orúnkún ń dí yín lọ́wọ́, bóyá kíkúnlẹ̀ kí àna, bóyá ìforíkanlẹ̀ nídìí ìrun, kí ẹ máa fi wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ìyípadà kankan ò sí, ẹ fi owó yẹn lọ rí àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú orúnkún.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín nìyí. Ẹni tó ń lo warfarin, clopidogrel tàbí aspirin, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kò gbọ́dọ̀ fi atalẹ̀ kún un láìsọ fún dókítà, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdúró. Bákan náà ni ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, torí ṣúgà lè wálẹ̀ jù. Ẹni tó ní òkúta nínú òróòro tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀ kó jìnnà sí i, aláboyún náà kó fi kápúsù sílẹ̀. Èyí tó wà nínú ọbẹ̀ kò ṣe nǹkan. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Piperine sì lè mú kí oògùn mìíràn pẹ́ jù lára, nítorí náà ẹ ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń lò fún ẹni tó ń ta á fún yín, títí kan àgbo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí kápúsù da oògùn tí dókítà kọ fún yín nù. Làkúrègbé kan wà tó ń jẹ oríkèé díẹ̀díẹ̀, atalẹ̀ ò lè dá a dúró.

Bí ojú yín bá di pupa rúsúrúsú bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, tí ìtọ̀ yín dúdú, tàbí tí ara ń yún yín láìnídìí, ẹ̀dọ̀ ló ń pariwo yẹn. Ẹ dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ìgò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn.