Fílítà ìbòmú: ẹ yé fowó yín bọ́ afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin tó ń fín ọ̀dà mọ́tò àti ẹ̀yin tó ń fín oògùn kòkó ni mo ń bá wí. Fílítà ìbòmú, èyí tí èédú inú rẹ̀ ń gba èéfín kẹ́míkà kó má dé imú yín, ti wọ́n gógó, síbẹ̀ ẹ ń ra ojúlówó, ẹ sì ń fọwọ́ ara yín bà á jẹ́ kí tínà tó kàn án.

1. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà kòrónà kì í dá èéfín kẹ́míkà dúró. Ó tán.

2. Irùngbọ̀n. Kì í jẹ́ kí ìbòmú lẹ̀ mọ́ ojú. Ẹ fá a, àbí kí ẹ kúkú fowó fílítà jẹ sùyà. Mo fá tèmi, ìyàwó mi ní mo wá dà bí ọmọ iléèwé.

3. Ṣíṣí fílítà sílẹ̀. Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti lọ dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ sá fílítà tuntun sórí páànù, ó ní kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Mo bi í bóyá ẹ̀lùbọ́ ni. Nígbà tí òórùn tínà wá ń wọlé sí i nímú, ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun! Mo pariwo débi pé Bàbá Fílítà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè mí dòní.

Èédú tó wà nínú fílítà kì í ṣàyàn. Ihò wínníwínní ló kún inú rẹ̀, ohun tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbàyè. Tẹ́ ẹ bá fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́ láìsí imú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rinrin nìkan tó láti ṣe é lọ́ṣẹ́: OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá 85%, ká dín ọjọ́ ìlò rẹ̀ kù sí ìdajì. Ṣé Èkó wa yìí náà kọ́?

Sulphur dioxide inú èéfín díísù máa ń di ásíìdì tó bá pàdé omi, á sì máa jẹ bàbà tí wọ́n fi po èédú ìbòmú àwọn ológun nítorí gáàsì cyanide. Ní ti nitrogen dioxide, èédú á sọ ọ́ di nitric oxide, ìyẹn á sì yọ́ kọjá. Carbon monoxide ò tilẹ̀ kí èédú rárá, nítorí náà ẹ má fi ìbòmú sùn ti jẹnẹrétọ̀.

Àwọn ohun tuntun náà ò bọ́ níbẹ̀. Zirconium hydroxide, ìyẹ̀fun tó ń tú VX, oró tí wọ́n ṣe fún ogun, ká, máa ń gba carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ lásán sí ojú ibi tó yẹ kí oró náà bà lé.

Fílítà tí ẹ lò lọ́jọ́ Ẹtì, tí ẹ tún gbé wọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ńkọ́? Kẹ́míkà tó ń tètè gbẹ kì í dúró lójú kan nínú èédú. Á máa rìn lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, èémí àkọ́kọ́ yín ni yóò sì bá jáde. Ìdí nìyẹn tí fílítà AX ti Yúróòpù, tí wọ́n ṣe fún irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, fi jẹ́ àlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má fi kọmpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ má sì dúró de òórùn kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀: isocyanate inú ọ̀dà mọ́tò lè ti ṣe yín léṣe kí imú tó mọ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó dé pinpin. Bí ẹni tó ń tà á bá ti tú ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi sílẹ̀ fún un.