Láptọ́ọ̀pù mi ń wọ́ nílẹ̀, ohun tí mo ṣe sí prọ́sẹ́sọ̀ ẹ̀ rèé

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn sọ́fúwíà tí wọ́n ń polówó pé ẹ kàn tẹ bọ́tìnì kan kọ̀ǹpútà yín á di tuntun, mi ò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn o. Prọ́sẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó wà nínú tèmi ni Core i5-4300U, ti ọdún 2013, kọ́ọ̀ (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an) méjì péré, wọ́n sì ti sọ́dà ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, torí náà kò sọ́rọ̀ pé mò ń yọ ọ́ fi òmíì sí i. 1.9 GHz ni eré ẹ̀ (GHz ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe ń yára tó), ó sì lè sáré dé 2.9 bí iṣẹ́ bá dé tí ara ẹ̀ ò sì gbóná jù. Mo wá ní kí n kọ́kọ́ wò ó ná, ṣé ó tiẹ̀ ń sá eré yẹn?

Mo ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà hàn, mo lọ sí Performance, mo tẹ CPU, ìyẹn prọ́sẹ́sọ̀. Ibi tí wọ́n kọ Speed sí ni kẹ́ ẹ máa wò. 0.78 GHz ló dúró sí, kò lọ kò bọ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kún ọwọ́ ẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tó máa ń tan èèyàn ni pé lórí Windows 10 tí mò ń lò, ìwọ̀n iṣẹ́ tó ń ṣe ò kọjá nǹkan bí 40%, ẹ máa rò pé ó ṣì ráyè, àṣé eré tó yẹ kó sá ni wọ́n fi ń wọn èyí tó ń sá. Kì í ṣe arọ, wọ́n so ó lẹ́sẹ̀ ni.

Mo wo Power Options, ibi tí Windows ti ń ṣètò iná, 100% ni Maximum processor state (òpin eré tí wọ́n gbà fún prọ́sẹ́sọ̀) wà, ìyẹn ò ní wàhálà. Mo wá yọ ṣájà kúrò lára ẹ̀ báyìí, ló bá fò lọ sí 2.5 lójú ẹsẹ̀! Ọ̀rọ̀ dé. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tó jẹ́ pé wáyà tín-ín-rín kan wà láàárín ẹnu ṣájà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, tí ìyẹn bá ti já, láptọ́ọ̀pù ò ní fọkàn tán ṣájà yẹn mọ́, á ní kí prọ́sẹ́sọ̀ rọra máa rìn. BD PROCHOT ni wọ́n ń pe àmì yẹn nínú ThrottleStop, sọ́fúwíà kan tí wọ́n fi ń ṣàkóso prọ́sẹ́sọ̀, ẹ lè yọ máàkì ẹ̀ kúrò tí eré á sì padà, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn, torí ẹ̀ṣọ́ tó wà fún iná àti ooru lẹ̀ ń lé lọ yẹn. Ṣájà míì tó bá wọ́ọ̀tì ẹ̀ mu ni mo rà.

Ó kù síbì kan. Tí mo bá ń yí fídíò padà, 2.6 ló máa fi bẹ̀rẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀ á já wálẹ̀, nítorí ìgbóná ti ń kan 100°C, ibẹ̀ sì ni òpin tiẹ̀. Mo tú ìdí ẹ̀. Fáànù fúnra ẹ̀ ò dọ̀tí rárá, àfìgbà tí mo yọ ọ́ kúrò tán ni mo rí eruku tó ti ki pọ̀ bí aṣọ láàárín òun àti àwọn irin pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ fìka di abẹ fáànù mú kó má baà yí ju bó ṣe yẹ lọ. Thermal paste àtijọ́, ìyẹn ohun bí ọ̀rá tó ń gbé ooru prọ́sẹ́sọ̀ lọ sára irin, ti gan, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, mo fi òwú àti isopropyl alcohol nù ún títí irin fi ń dán, mo kán tuntun díẹ̀ sí i láàárín, mo wá ń dé síkúrù ẹ̀ láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, díẹ̀ díẹ̀.

Ìyẹn tán, mo lọ sí FIVR, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò fólítéèjì nínú ThrottleStop, mo dín fólítéèjì kọ́ọ̀ àti cache (ìrántí kékeré inú prọ́sẹ́sọ̀) kù ní 50 mV. (Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó tuntun ju tèmi lọ ò gbà á mọ́, BIOS, sọ́fúwíà tó ń jí kọ̀ǹpútà, ti tì í pa látìgbà tí wọ́n ti tú àṣírí Plundervolt, àlébù ààbò kan tó ń gba ibi ìdínkù fólítéèjì wọlé, ní December 2019.) Ẹ sév iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó dán an wò o, tó bá kéré jù ó máa gan pa ni, ẹ ó wá rìsítáàtì.

Ní báyìí 2.6 ló ń dúró sí, ìgbóná ò sì kọjá 80. Fídíò AV1 (irú ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀) nìkan ló ṣì ń há a lọ́fun, kò ní ẹ̀yà tó ń tú irú ẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fi kún un, 720p ni mo fi ń wo ìyẹn.