Bí A Ṣe Ń Dá Igi Kòkó Tó Ń Kọ Àtíké Ara Rẹ̀ Mọ̀

Igi kòkó kan lè tanná láti ìdí dé òkè kó má sì so. Kí ẹ tó di ẹ̀bi ru ilẹ̀ tàbí ajílẹ̀, ẹ yẹ àtíké òdòdó rẹ̀ wò, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú akọ tó ń mú òdòdó so. Amẹlọnádò, kòkó àtijọ́ wa, máa ń gba àtíké ara rẹ̀. Èyí tí Pound, onímọ̀ kòkó, kó wá láti òkè odò Amazon ní 1937 àti 1938, tí irú rẹ̀ dé ibùdó ìwádìí kòkó ní Tafo ní Gánà ní 1944, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbà á. Irú wọn ló sì wà nínú púpọ̀ lára kòkó tuntun tí à ń gbìn.

Ẹ wá ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún, ọ̀pá rọ́bà tí ẹ gé ní sẹ̀ǹtímítà 5, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti pilásítínì tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń mọ nǹkan. Ẹ má lo àwọ̀n ẹ̀fọn: kòkòrò tín-tìn-tín bíi kantíkantí tó ń gbé àtíké kòkó kiri máa ń gba ojú rẹ̀ wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ìrudi tó ti funfun, tó wú, tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ là. Ẹ fi aṣọ di orí ọ̀pá náà, ẹ fi dé ìrudi, kí ẹ fi pilásítínì lẹ ìdí rẹ̀ mọ́ èèpo igi pinpin. Ní òwúrọ̀, kó tó di aago mọ́kànlá, ẹ ṣí i. Ọ̀pá abo funfun ló wà láàárín. Nǹkan ṣóṣóró elésè àlùkò márùn-ún ló yí i ká. Ẹ já méjì nínú wọn kí ọwọ́ lè ráyè. Inú àpò ewé òdòdó ni akọ fara pamọ́ sí: ẹ mú òdòdó mìíràn tó là láàárọ̀ yẹn, ẹ ya àpò náà, kí ẹ fi akọ rẹ̀ ra ọ̀pá abo lára. Ẹ tún un dé fún wákàtí 24.

Ẹ ṣe 20 pẹ̀lú àtíké igi náà fúnra rẹ̀, 20 pẹ̀lú ti igi tó jìnnà sí i ní ìran, kí ẹ sì dé 20 láì fọwọ́ kàn án. Òdòdó tí àtíké rẹ̀ kò bá a mu máa ń já láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ ka èyí tó kù ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí ti ara rẹ̀ bá já tán, tí ti àjèjì dúró, igi náà kì í gba ara rẹ̀ nìyẹn. Bí èyí tí ẹ ò fọwọ́ kàn bá dúró, kòkòrò ti wọlé. Ẹ tún un ṣe. Bí gbogbo rẹ̀ bá já, ó lè jẹ́ òùngbẹ ló ń gbẹ igi, ó lè jẹ́ àtíké àná lẹ lò, ó sì lè jẹ́ pé igi “àjèjì” yẹn kì í ṣe àjèjì rárá.

Ibi tó ṣòro nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ewéko mìíràn, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá àtíké dúró. Kòkó ń jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹyin inú òdòdó, èyí tó ń di kóró. Ibẹ̀ ni akọ àti abo ti ń kọ̀ láti dàpọ̀. Jíìnì (àbùdá tí igi ń jogún) tí wọ́n ń pè ní S ló ṣe kókó níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá a ṣe. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà: S1, S2, S3 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Igi kọ̀ọ̀kan ní méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan sì lè borí èkejì. Bí S1 bá borí S2, tí igi S1S2 gba àtíké ara rẹ̀, ibi tí S1 ti pàdé S1 nìkan ni kò ní dàpọ̀: ẹyin 25 nínú 100. Bí agbára méjèèjì bá dọ́gba, 50 ni. Bí méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, 100. Ẹ má sọ pé 25 kéré o, odidi òdòdó náà ni yóò já, pẹ̀lú ẹyin tó ti dàpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni S1S2 yóò ṣe kọ S1S3, bí S1 bá borí S3 pẹ̀lú, nítorí náà ọmọ inú kòkó kan ṣoṣo lè kọ ara wọn.

Igi ọgọ́rùn-ún tí ẹ gé ẹ̀ka wọn lọ́ láti ara ẹyọ igi kan, igi kan náà ni gbogbo wọn níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi oríṣi méjì mẹ́ta tó ń gba ara wọn lù mọ́ra, kí wọ́n má jìnnà síra, torí kòkòrò yẹn kì í fò jìnnà. Èso wẹ́wẹ́ tó dúdú, tó gbẹ mọ́ igi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò sí nínú èyí: òun ti gba àtíké, oúnjẹ ni kò tó o.