Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Rọ́bà Epo Ọkọ̀ Ìjàpá

Volkswagen Beetle tí a mọ̀ sí Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọ iyì rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú sì ni tánkì epo wà, nítorí náà ọ̀pá irin tóóró ni ó ń gbé epo gba àárín ọkọ̀ kọjá, rọ́bà kéékèèké ni a sì fi so ó mọ́ tánkì, páńpù àti kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Bí àwọn rọ́bà wọ̀nyí bá gbó, wọ́n lè dáná sun ọkọ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a fi ojú lásán wò wọ́n, kí a ní kò sí ewu. Òwú ni wọ́n hun bo rọ́bà ilé iṣẹ́, òwú yìí sì ni í bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí inú ni epo ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá sí òde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ tẹ̀ ẹ́: bí ó bá le koko, bí ó bá sán, bí ó bá wú tí ó sì rọ̀ jọ̀bọ̀, tàbí bí òórùn epo bá mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó wà nínú ilé ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fọwọ́ kàn. Wọ́n á gbàgbé ti abẹ́ tánkì àti èyí tí ó fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gíà bọ́ọ̀sì.

Èyí tí ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójú tèmi, ni kí a fi rọ́bà kan ṣáá dípò. Rọ́bà omi tí a ń rí inú rẹ̀ kò ṣe é lò, bí ó ti wù kí ó dùn mọ́ni láti máa wo epo bí ó ti ń kọjá, nítorí ooru ẹ́ńjìnnì yóò sọ ọ́ di líle, yóò sì yọ. Ihò rọ́bà Ìjàpá kò ju mìlímítà 5 sí 5.5 lọ, èyí tí ihò rẹ̀ ju 6 lọ yóò máa jò, bí a tilẹ̀ fún kílíìpù pa. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. SAE J30 R9, àmì ìdánimọ̀ irú rọ́bà epo kan, ni ó yẹ níbi tí wọ́n bá ti ń po ẹtánọ́ọ̀lù, irú ọtí líle kan, mọ́ epo, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí E10, epo tí ẹtánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Kí ará Nàìjíríà má sọ pé kò kan òun: ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA tí ń bójú tó epo rọ̀bì ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kéde pé epo tí mẹtánọ́ọ̀lù, ìbátan ẹtánọ́ọ̀lù, inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ ìlú, mẹtánọ́ọ̀lù sì ń ba rọ́bà jẹ́.

Fílítà oníke tí wọ́n ń dè sí àárín páńpù àti kábúrétọ̀ jẹ́ àṣà kan tí n kò fara mọ́ rárá. Òkè dísítíríbútọ̀, ẹ̀rọ tí ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, ni ó máa ń rọ̀ sí. Ìwúwo rẹ̀ àti gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á máa fa rọ́bà, á sì máa fa ọ̀pá idẹ kékeré tí wọ́n kàn tẹ̀ bọ ara kábúrétọ̀. Lọ́jọ́ tí idẹ náà bá yọ, orí ibi tí iná ti ń ta pàrà ni páńpù yóò máa tú epo sí. Ẹ fi ọwọ́ mi idẹ náà wò. Bí ó bá mì pẹ́nrẹ́n, ó ti tú. Ẹ̀gbẹ́ gíà bọ́ọ̀sì, kí epo tó dé páńpù, ni kí fílítà wà.

Ẹ má ṣe fa rọ́bà yọ kí ẹ tó tú wáyà bátìrì. Tánkì ga, epo yóò sì máa ṣàn wá fúnra rẹ̀, nítorí náà kí ohun tí ẹ máa fi dí i ti wà lọ́wọ́. Bí iná bá sọ, ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun ni kí ẹ tètè lò, ẹ má da omi sí i: mágnísíọ̀mù wà nínú irin ẹ́ńjìnnì náà, bí ó bá sì ti gbiná, ńṣe ni omi ń mú un burú sí i. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ ṣíná ọkọ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ nu gbogbo oríkèé rọ́bà, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, nítorí kílíìpù máa ń dẹ̀ lára rọ́bà tuntun.